Kóòtù lápá, cloak kò lápá: àlàyé fún ẹni tí aṣọ méjèèjì rú lójú

Kérésì tó kọjá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí ìyá àgbà kan àti ọ̀dọ́bìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fíà, nílùú Òṣogbo níbí. Ìjọ wọn ló rán wọn wá. Wọ́n fẹ́ ṣe eré ìbí Jésù, wọ́n sì ń wá aṣọ fún olùṣọ́ àgùntàn mẹ́rin, amòye mẹ́ta àti Jósẹ́fù.

"Cloak ni a fẹ́ o, Bàbá Télọ̀," ni màmá wí. "Àwọn kóòtù gígùn ayé àtijọ́ yẹn."

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo gbọ́ níbẹ̀: kóòtù, gígùn. Mo gba owó àsansílẹ̀, mo ra aṣọ, mo gé e. Lọ́jọ́ tí wọ́n padà wá, kóòtù mẹ́jọ ló tò lórí ìkọ́, ó lápá, ó ní kọ́là, bọ́tìnnì mẹ́fà mẹ́fà ló wà níwájú wọn. Màmá wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, olùṣọ́ àgùntàn ni mo wí. Èyí tí ẹ rán yìí, máníjà báńkì ni wọ́n." Ọ̀dọ́bìnrin yẹn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí pé owó aṣọ àti òwú ti wà lọ́rùn mi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi àwọn oníbàárà mi léèrè ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Ẹnìkan ní cloak gùn ju kóòtù lọ. Ẹlòmíì ní aṣọ ọba òyìnbó ni. Tíṣà kan fọwọ́ sọ̀yà fún mi pé nǹkan kan náà ni, pé òyìnbó kàn fẹ́ràn orúkọ púpọ̀ ni. Kò sí èyí tó gbà á nínú wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn?

Ẹ jẹ́ ká ti orí kóòtù bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni gbogbo wa mọ̀. (Kì í ṣe kóòtù tí lọ́yà ń lọ o. Ìyẹn náà ń bọ̀ níwájú.) Kóòtù jẹ́ aṣọ àwọ̀lékè tó ní apá méjì, tó là níwájú, tí a ń fi bọ́tìnnì tàbí sípù pa dé. Èjìká rẹ̀ máa ń jókòó sórí èjìká ẹni tó wọ̀ ọ́.

Cloak jẹ́ aṣọ àwọ̀lékè tí kò lápá. Orí èjìká ni a ń gbé e lé, ọrùn ni a ti ń fi okùn tàbí ìkọ́ so ó, gbogbo ìyókù á wá rọ̀ wálẹ̀ yí ara ká. Ẹ fojú inú wo agogo ṣọ́ọ̀ṣì: ó há lókè, ó fẹ̀ nísàlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni orúkọ náà ti wá. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí agogo ló bí cloak, ọ̀rọ̀ yẹn náà ló sì bí clock, aago ara ògiri, nítorí pé agogo ni wọ́n fi ń kéde wákàtí láyé ìgbà náà. Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu. Èyí tí wọ́n ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì, agogo ni à ń pè é; èyí tó ń sọ iye tó lù, agogo náà ni.

Gígùn kò sí nínú ìyàtọ̀ wọn rárá. Kóòtù wà tó dé kókósẹ̀, cloak sì wà tí kò kọjá ìgbáròkó. Èyí tó kúrú yẹn ni òyìnbó ń pè ní cape. Àwọn cloak mìíràn máa ń ní ojú ihò méjì níwájú tí ọwọ́ lè gbà yọ, ṣùgbọ́n ihò kì í ṣe apá.

Ẹ ó tún rí i pé orúkọ a máa tan ènìyàn. Rọ́bà ńlá tí àwọn ọlọ́kadà ń dà bora nígbà òjò, tí a ń pè ní reenkóòtù, ẹ wò ó dáadáa lọ́jọ́ mìíràn. Bí ó bá lápá, kóòtù ni. Bí ó bá jẹ́ pé orí nìkan ló yọ, tí ìyókù bo ọlọ́kadà àti ìdí ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, inú ìdílé cloak ni ìyẹn wà, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á máa pè é.

Kí ló dé tí apá fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ wá dúró ti tábìlì mi díẹ̀. Bí mo bá fẹ́ gé cloak, n ó tẹ́ aṣọ oní 60 ínṣì, yáàdì mẹ́ta àbọ̀. N ó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ okùn, ọmọṣẹ́ mi á fi àtàǹpàkò tẹ orí okùn náà mọ́ àárín etí aṣọ. N ó kọ́kọ́ yí ṣọ́ọ̀kì ní ínṣì 5: ọrùn nìyẹn. N ó tú okùn sílẹ̀ di ínṣì 57, n ó tún yí i ká: etí ìsàlẹ̀ nìyẹn. Ohun tí mo ní níbẹ̀ ni ìdajì róbótó kan, bí ìdajì òṣùpá. Bí mo bá gé e, tí mo ká etí rẹ̀ rán, tí mo fi okùn sí ọrùn, ó ti parí. Mi ò wọn àyà ẹnikẹ́ni, mi ò wọn ìbàdí. Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ lè wọ̀ ọ́, ẹni tó sanra náà lè wọ̀ ọ́.

Kóòtù ńkọ́? N ó wọn èjìká, àyà, ìbàdí, ẹ̀yìn, gígùn apá, ọrùn ọwọ́. Iwájú méjì, ẹ̀yìn, kọ́là, àpò, lánínì inú rẹ̀. Apá ló wá le jù nínú gbogbo rẹ̀. Orí apá gbọ́dọ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ihò tí a fẹ́ rán an mọ́ lọ, a ó sì máa fi abẹ́rẹ́ tì í wọlé díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà hunjọ. Bí ó bá yẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan péré, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ní lè gbé ọwọ́ sókè kí kóòtù má gbé pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í wo ibòmíràn lára kóòtù tí ọmọṣẹ́ rán. Apá ló ń wò, bí ó bá ti wò ó tán á sọ̀rọ̀ tàbí á dákẹ́.

Nítorí náà, aṣọ ṣì ni cloak lẹ́yìn tí a rán an tán. Kóòtù ti di ti ara ẹnìkan.

Ìtàn kan wà tó fi èyí hàn ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Láàárín ọdún 300 sí 400 lẹ́yìn ìbí Jésù, ọmọ ogun Róòmù kan tó ń jẹ́ Martin pàdé alágbe kan ní ẹnubodè Amiens, ní ilẹ̀ Faransé òde òní. Òtútù ń pa alágbe náà. Ìtàn ní Martin yọ idà, ó la cloak rẹ̀ sí méjì, ó fún alágbe ní ìdá kan, ó sì fi ìdá kejì bora. Bí ó bá jẹ́ kóòtù ló wọ̀ ńkọ́? Bí ó bá là á sí méjì, ẹni méjì á ní apá kọ̀ọ̀kan, òtútù á sì mú àwọn méjèèjì. Martin padà di bíṣọ́ọ̀bù ìlú Tours, wọ́n tọ́jú ìdá cloak tó kù náà bí ohun mímọ́, orúkọ tí wọ́n ń pe aṣọ yẹn ní èdè Látìn ni òyìnbó sì ti yọ chapel. Ẹ rò ó wò: orí aṣọ tí kò lápá ni orúkọ ilé àdúrà ti jáde.

Kí ló dé tí Bíbélì fi ń da wá rú?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà coat ti èdè Faransé àtijọ́ wá, ẹ̀wù tí ènìyàn ń kì bọ ọrùn ló ń tọ́ka sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ Bíbélì Ọba Jémíìsì ní 1611, àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ ṣì ń lo coat fún ẹ̀wù tó sún mọ́ ara, èyí tí à ń wọ̀ sábẹ́. Ẹ̀rí wà lára àwọn ìyá wa títí di òní. Pẹ́tíkóòtù, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kóòtù kékeré. Ta ló ń wọ pẹ́tíkóòtù lé aṣọ lórí?

Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka Bíbélì òyìnbó àtijọ́ yẹn, tí ẹ rí coat, ẹ fi ẹ̀wù sí ọkàn. Bí ẹ bá rí cloke, bí wọ́n ṣe kọ cloak níbẹ̀ nìyẹn, ẹ fi àwọ̀lékè sí i. Ti Jósẹ́fù ọmọ Jákọ́bù tí gbogbo ọmọ Súńdé Sukúù mọ̀, ẹ̀wù ni, àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá kò sì ṣìnà nígbà tí wọ́n pè é ní ẹ̀wù aláràbarà. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ èdè Hébérù ṣì ń jiyàn lórí aláràbarà yẹn. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀wù tó gùn, tí apá rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, irú èyí tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oko kò lè wọ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, apá aṣọ ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ bàbá kan náà. Èmi tí mo ń rán apá jẹun, ìyẹn dùn mọ́ mi.

Ti Èlíjà wá yàtọ̀. Cloak ni tirẹ̀, Bíbélì wa pè é ní agbádá. Ó ká a jọ, ó fi lu odò Jọ́dánì, omi là. Nígbà tí ó ń gòkè lọ, ó bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀, Èlíṣà sì mú un. Ẹ tún ìtàn yẹn rò pẹ̀lú kóòtù oníbọ́tìnnì mẹ́fà, ẹ ó rí i pé kò ní í rọrùn kó bọ́.

Kí ni ẹni tó pè ọ́ lẹ́jọ́ ń gbà, kí ni olè ń gbà?

Kóòtù ilé ẹjọ́ tí mo ní ó ń bọ̀ ti dé. Nínú Mátíù 5:40, Jésù ní bí ẹnìkan bá pè ọ́ lẹ́jọ́ láti gba ẹ̀wù rẹ, fi agbádá rẹ kún un. Nínú Lúùkù 6:29, ó yí padà: ẹni tó bá gba agbádá rẹ, má ṣe fi àwọ̀tẹ́lẹ̀ dù ú. Mo ti gbọ́ tí wọ́n fi èyí jà ní kíláàsì Bíbélì, tí ẹnìkan ní ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ti ṣì í kọ.

Ẹ wo aṣọ, ẹ ó rí i pé kò sí àṣìkọ níbẹ̀. Ti Lúùkù dà bí ti olè ojú ọ̀nà. Kí ni olè á kọ́kọ́ fà lára ènìyàn? Èyí tó wà lókè ni, tí kò lápá, tó ń tètè bọ́. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ni Mátíù ń sọ, òfin sì wà níbẹ̀. Ẹ́kísódù 22:26 àti 27 sọ ọ́ pé bí o bá gba aṣọ ẹnìkejì rẹ dógò, o gbọ́dọ̀ dá a padà kí oòrùn tó wọ̀, nítorí pé òun nìkan ló ní láti fi bora sùn. Ẹ rí i pé cloak ni ẹní àti ìbora tálákà. Ẹni tó ń gba gbèsè kò lè mú un sùn mọ́jú, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀wù inú ló ń dù. Jésù wá ní kó fi èyí tí òfin dáàbò bò náà kún un. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìhòòhò ló máa dúró níwájú adájọ́, ojú ta ni yóò sì tì níbẹ̀?

Kóòtù kì í ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi kóòtù bora sùn lóru ọyẹ́, ẹsẹ̀ yín á sọ fún yín.

Ṣé agbádá ni cloak wa?

Kò burú bí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ṣe lo agbádá. Aṣọ àwọ̀lékè ni, ó fẹ̀, ó níyì, ó sì ń rọ̀ láti èjìká. Ṣùgbọ́n bí télọ̀ bá fẹ́ sọ òtítọ́, agbádá kì í ṣe cloak, kì í ṣe kóòtù. Kò là níwájú, orí ni a ń kì bọ inú rẹ̀. Kò ní apá tí a gé lọ́tọ̀ rán mọ́ ọn bíi ti kóòtù, fífẹ̀ aṣọ náà fúnra rẹ̀ ló bo ọwọ́ mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń ká a sórí èjìká ṣáá. Síbẹ̀ ó gba ọgbọ́n àti aṣọ púpọ̀, ká má tiẹ̀ tíì sọ ti dàńdógó. Àwọn àgbà ní dàńdógó kọjá ẹ̀wù àbínúdá, nítorí pé ẹni tí inú ń bí kò ní sùúrù, kò sì ní owó, tí yóò fi rà, gé, kí ó sì rán aṣọ tó tóbi tó yẹn. Cloak, ẹ lè fi ìbínú dá a. Mo ti sọ iye yáàdì rẹ̀ fún yín.

Aṣọ ìbora tí àwọn bàbá wa ń dà sórí èjìká kan láàárọ̀ kùtù sún mọ́ cloak ju agbádá lọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà kò ní okùn lọ́rùn.

Èyí tó jẹ́ cloak gan-an wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ́jọ́ tí màmá wá bá mi jà. Ààfáà kan ládùúgbò gbé alùkíńbà rẹ̀ wá kí n bá òun tún etí rẹ̀ ká, torí pé ó ń wọ́ nílẹ̀. Aṣọ náà dúdú, ó ní iṣẹ́ ọnà òwú aláwọ̀ wúrà lọ́rùn, ó là níwájú láti òkè délẹ̀, kò lápá. Orí jàlàbíà ni ààfáà ń gbé e lé. Bí ẹ bá lọ sí Yídì lọ́jọ́ Ìléyá, ẹ ó rí irú rẹ̀ lọ́rùn àwọn lémọ́ọ̀mù. Màmá ti fẹ́ jáde kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sí i. Ó dúró. "Òun nìyí!" ló wí, ó nawọ́ sí i. "Irú rẹ̀ gan-an ni mo ń sọ láti ọ̀sẹ̀ méjì!"

A ní ọ̀rọ̀ náà nílé tipẹ́tipẹ́. Mọ́ṣáláṣí ló wà, ṣọ́ọ̀ṣì sì ń wá a kiri nínú fóònù.

Èwo ni ọba òyìnbó ń wọ̀?

Méjèèjì. Nígbà tí wọ́n dé Ọba Charles ládé ní Westminster Abbey, ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, wọ́n wọ kóòtù gígùn aláwọ̀ wúrà kan fún un, ó lápá, ó sì ní ìgbànú. Supertunica ni wọ́n ń pè é, ọdún 1911 ni wọ́n dá a fún Ọba George Karùn-ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé cloak wúrà lé e lórí, èyí tí wọ́n dá ní 1821 fún Ọba George Kẹrin, wọ́n sì fi ìkọ́ tó rí bí ẹyẹ idì pa á dé. Ẹ ṣàkíyèsí bó ṣe tò: kóòtù lábẹ́, cloak lókè. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi cloak sábẹ́ kóòtù, gbogbo aṣọ ni yóò wú sí i lẹ́yìn bí iké.

Kí ló wá dé tí cloak fi dín kù láàárín ìlú, tó kù sára ọba àti lémọ́ọ̀mù? Iṣẹ́ ọwọ́ wà lára rẹ̀: kò rọrùn láti wa ọkọ̀ tàbí gbé ẹrù pẹ̀lú aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ìfura náà wà níbẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá da cloak bora, ẹ kò lè rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1766, ìjọba Spéènì ní kí àwọn ọkùnrin Madrid yéé wọ cloak gígùn àti fìlà onígbòòrò, pé àwọn ọ̀daràn ń fi wọ́n pa ojú àti ohun ìjà mọ́. Ìlú dàrú. Àwọn ènìyàn tú jáde, ọba sá kúrò ní Madrid, wọ́n sì lé Esquilache, mínísítà tó pàṣẹ náà, kúrò lórílẹ̀-èdè. (Ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ náà wà nínú ìjà yẹn o, kì í ṣe ti aṣọ nìkan.)

Ti Kérésì wa kò le tó bẹ́ẹ̀. Màmá gbà pé kí àwọn amòye mẹ́ta wọ kóòtù, torí pé wọ́n ní owó. Mo tún gé cloak mẹ́rin fún olùṣọ́ àgùntàn àti ọ̀kan fún Jósẹ́fù, ọ̀sán ọjọ́ kan ló gbà mí, ọmọṣẹ́ mi ló mú orí okùn. Nínú kóòtù márùn-ún tó ṣẹ́kù, àwọn tó ń lọ sí Jos nígbà ọyẹ́ ti ra mẹ́rin. Ọ̀kan ṣì wà lórí ìkọ́, gígùn rẹ̀ jẹ́ ínṣì 52, àyà rẹ̀ jẹ́ 44, bọ́tìnnì rẹ̀ pé. Ẹni tí ó bá lè bá lára mu, kó yà.